Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Àwa ọmọ mẹ́rin la jọ jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan ń sọ, ẹnì kan ń kọ. Bàbá àti màmá wa sì ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a tó fi ránṣẹ́. Bàbá fúnra wọn ló ní kí a má fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ní, "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ ò mọ ẹni tó máa ràn lọ́wọ́."

Ohun tó fà á tí a fi ń kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé, lóṣù tó kọjá, ìdílé kan tí a jọ mọ ara wa fóònù wá ní nǹkan bí aago méjì òru. Bàbá wọn ń bì, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń jáde. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ti bàbá yín nígbà yẹn ńkọ́, kí ni wọ́n fún wọn? Ṣé a lè dúró kí ilẹ̀ mọ́?" A ní rárá o, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀. A dúpẹ́ pé wọ́n pè é, bàbá náà sì ti padà sílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Ìdílé mélòó ló wà láàárín wa tí kò ní ẹni tí wọ́n lè fóònù?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀. Nígbà tí bàbá wa ṣàìsàn ní oṣù Kejì ọdún 2019, àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọtí ni. Wọ́n ní, "Àìsàn ẹ̀dọ̀ kẹ̀? Ṣebí ọtí ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. A jẹ́ pé bàbá yẹn ń mu ún ní kọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dun màmá wa ju àìsàn náà lọ. Bàbá wa ò fi ọtí kan ẹnu rí. Ẹ̀yin tí a jọ ń lọ síbi ìnáwó mọ̀ pé málítì ni wọ́n máa ń bèèrè.

Òótọ́ ni pé ọtí àmujù máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ọtí nìkan kọ́. Ohun tó sábà máa ń fa ti àwa tí a ti ilé wá ni kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B. Nínú ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018, nǹkan bí 8 nínú 100 àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní in lára. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kó o láti kékeré: lára ìyá nígbà ìbí, tàbí lára àwọn ọmọdé ẹlẹgbẹ́ wọn, tàbí láti ara abẹ kan náà tí wọ́n fi gé ẹni méjì. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún kó má sọ̀rọ̀. Bí ti bàbá wa ṣe rí nìyẹn.

Ẹni tó bá ń mutí wá ńkọ́? Ọmọ ènìyàn ni òun náà. Oògùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í béèrè ohun tó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bí a bá ń sọ gbogbo ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú di ọ̀mùtí, ṣe là ń kọ́ àwọn tó kù pé kí wọ́n panu mọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an? Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí òbí yín ò bá lè sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ìfun bọ̀ kì í lọ tààrà sínú ọkàn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ojú iṣan ńlá kan wọ inú ẹ̀dọ̀, kó tó kọjá. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń gbọgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá á kún inú rẹ̀, á le gbandi, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní rí ọ̀nà gbà dáadáa mọ́.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí ní Èkó bí wọ́n bá ti afárá Third Mainland pa láti tún un ṣe. Ṣé àwọn ọkọ̀ á torí ẹ̀ dúró sílé ni? Rárá. Wọ́n á ya gba àwọn òpópónà kéékèèké tí wọn ò là fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ ronú M25 lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń ya gba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí oúnjẹ ti ń wọ ikùn. Àwọn iṣan yẹn á wá máa wú, ara wọn á máa fẹ́lẹ́. Kì í dun ènìyàn, ẹni tó ní in lè má mọ̀ rárá. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ́ ni ojú tó là. Ẹ̀jẹ̀ á máa tú jáde lẹ́nu, tàbí kó gba ìsàlẹ̀ lọ, kí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà títì.

Ti bàbá wa, ìgbẹ́ dúdú náà ló kọ́kọ́ dé. Fún ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń rí i, wọ́n rò pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n jẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, òòyì ń kọ́ wọn. Nígbà tó di òru, wọ́n ní kí a gbé abọ́ wá. Ohun tí a rí nínú abọ́ yẹn, a ò ní kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ọmọdé. Màmá wa pe 999, ọkọ̀ áńbúláǹsì dé, ó di ọsibítù.

Níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ti abẹ́rẹ́ bọ apá wọn méjèèjì, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ wá dúró tì wá, ó béèrè bóyá bàbá ní àìsàn ẹ̀dọ̀ kankan tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wa túmọ̀ ìbéèrè náà fún màmá. Kí màmá tó lanu, bàbá rọra ṣí ojú, wọ́n ní, "Má sọ o."

Àwa ọmọ ò mọ ohun tí wọ́n ní kí màmá má sọ. Àṣé ní 2011, nígbà tí bàbá wa yẹ ara wọn wò nítorí iṣẹ́ kan, lẹ́tà kan ti wọlé pé àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé kí wọ́n wá rí dókítà. Inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni lẹ́tà náà wọ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀. Ojú ń ti bàbá. Wọ́n rò pé bí àwọn ará bá gbọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bá àwọn jẹun mọ́.

Màmá wo bàbá, wọ́n wo abọ́, wọ́n yíjú sí wa. Wọ́n ní, "Sọ fún un. Sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ ni, láti 2011. Ẹ̀mí là ń wá báyìí, ojú ò tì mí." A sì sọ ọ́.

Bí dókítà yẹn ṣe gbọ́ gbólóhùn kan yìí ni gbogbo nǹkan yí padà. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n gbé terlipressin wá. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gún un sínú iṣan bàbá. Wọn ò tíì wo inú ọ̀fun wọn o. Kò tíì sí ẹni tó fi ojú rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. A bi í pé báwo ló ṣe dá a lójú. Ó ní kò tíì dá òun lójú, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ bá ń bì, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ìlànà ilẹ̀ yìí láti 2012 ni pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú. Bí ẹ̀rọ bá wá fi hàn pé egbò inú ikùn lásán ni, wọ́n á dá a dúró. Bó bá sì jẹ́ pé iṣan tó wú ló bẹ́, wákàtí mélòó kan tí ẹ̀jẹ̀ ì bá fi máa tú ni wọ́n ti gbà sílẹ̀ yẹn.

A ní kó ṣàlàyé ohun tí oògùn náà ń ṣe. Ó ní ìbátan èròjà kan tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìfun pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ lọ sọ́nà ẹ̀dọ̀ lè dín kù. Bí a bá fi ti afárá wa sọ ọ́, kì í tún afárá ṣe. Ohun tó ń sọ fún àwọn ọkọ̀ ni pé kí wọ́n má tíì jáde nílé. Bí ọkọ̀ bá ti dín kù, òpópónà kéékèèké náà á simi, ibi tó bẹ́ á lè dì.

Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gún un. Kò rọrùn fún bàbá o. Inú ń lọ́ wọn, ojú wọn funfun, wọ́n sì ń ya ìgbẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn, torí oògùn tó ń fún iṣan ìfun pọ̀ lè fún ti ibòmíràn pọ̀ pẹ̀lú. Nítorí èyí ni wọ́n fi béèrè lọ́wọ́ wa bóyá bàbá ti ní àìsàn ọkàn rí. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ sísọ ṣe tún wúlò níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò dá ṣáṣá, wọ́n lè yan oògùn mìíràn fún un.

Oògùn kejì tí wọ́n fún wọn ni ceftriaxone, èyí tó ń pa kòkòrò àìsàn. Àbúrò bàbá wa kan ní, "Kí ni ti kòkòrò níbí? Ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde, ibà kọ́." Nọ́ọ̀sì ló dá wọn lóhùn. Ó ní bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń tú, àwọn kòkòrò inú ìfun máa ń rí àyè wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì máa pa ènìyàn. Nígbà mìíràn àwọn gan-an ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dá tún bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn yìí láti ọjọ́ kìíní kì í kú tó àwọn tí wọn ò fún. Nítorí náà wọn kì í dúró de ibà. Ó lè tó ọjọ́ méje tí wọ́n á fi máa lò ó.

Wàhálà tó tẹ̀ lé e ni ti ẹ̀jẹ̀ fífà. Àǹtí wa láti Manchester dé láàárọ̀, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní kí wọ́n fa tàwọn fún ẹ̀gbọ́n àwọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àpò méjì péré ni ọsibítù fà sí bàbá lára, tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, inú bí wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kún abọ́ lẹ́nu rẹ̀? Àpò méjì? Ṣé torí pé aláwọ̀ dúdú ni wá ni?" A ò bá àǹtí wí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa ti rí nílùú yìí.

Ṣùgbọ́n dókítà àgbà jókòó tì wọ́n, ó sì ṣàlàyé. Ní 2013, àwọn dókítà ìlú Barcelona gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 921 tí ẹ̀jẹ̀ ń tú nínú wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan, wọ́n tètè ń fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn. Àwọn yòókù, ó di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá lọ sílẹ̀ gan-an kí wọ́n tó fà á. Àwọn tí wọ́n fà díẹ̀ fún ló yè jù. Ẹni tí ọ̀nà ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dí, bí wọ́n bá da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lára, ọkọ̀ ni wọ́n tún ń kó sójú ọ̀nà yẹn, ibi tó fẹ́ dì á tún bẹ́. Àǹtí tẹ́tí gbọ́, wọ́n fa apá aṣọ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ yé mi." Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kò burú láti béèrè. Ẹ béèrè, kí wọ́n ṣàlàyé.

Kó tó di ọ̀sán ni wọ́n gbé bàbá lọ síbi ẹ̀rọ. Wọ́n fi oògùn kùn wọ́n lóorun, wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lórí gba ẹnu wọn wọlé, wọ́n rí iṣan tó bẹ́, wọ́n sì fi rọ́bà kéékèèké so òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa. Wákàtí 12 ni àwọn dókítà ń fẹ́ kó má kọjá kí wọ́n tó ṣe èyí. Dókítà tó ṣe é ní nígbà tí òun wọlé, ẹ̀jẹ̀ náà ti ń dá, òun sì ríran dáadáa. Iṣẹ́ oògùn òru nìyẹn. Síbẹ̀ wọn ò dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi lò ó. Fún ẹlòmíràn ó lè jẹ́ ọjọ́ méjì, ó sì lè tó márùn-ún, nítorí àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ padà wá. Bó bá padà wá tí rọ́bà àti oògùn ò ká a, wọ́n ní ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n á fi la ojú ọ̀nà tuntun gba inú ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá. Ti bàbá wa ò dé bẹ̀.

Ẹ má rò pé ohun kékeré ni a ń sọ. Ní ọsibítù kan nílẹ̀ Faransé tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀, nínú 100 ènìyàn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ní 1980, nǹkan bí 43 ló kú sínú ọsibítù. Nígbà tó fi máa di 2000, ó ti wá sí nǹkan bí 15. Oògùn tó ń fún iṣan pọ̀, oògùn kòkòrò àti rọ́bà wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn. Àrùn náà ṣì ń pa ènìyàn lónìí, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìrètí púpọ̀.

Àbúrò bàbá wa tó wà ní Houston fóònù lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n ní octreotide ni wọ́n fà sí ọ̀rẹ́ àwọn lára ní Amẹ́ríkà nígbà tí irú èyí ṣe é, kí ló dé tí wọ́n ń fún ẹ̀gbọ́n àwọn ní oògùn tí àwọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? A lọ béèrè. Òótọ́ ni, oògùn méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlú ló fà á. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2022 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí terlipressin, àìsàn kíndìnrín kan tó máa ń bá ti ẹ̀dọ̀ rìn ni wọ́n sì fọwọ́ sí i fún, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ títú yìí. Nítorí náà octreotide ni wọ́n ń lò níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kó máa kán wọ inú iṣan láìdáwọ́ dúró. Ní 2014, àwọn dókítà Kòríà Gúúsù fi irú àwọn oògùn wọ̀nyí wé ara wọn lára aláìsàn 780, wọn ò sì rí èyí tó ta èkejì yọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí wa ní Houston, ní Chicago, ní Toronto, ẹ má jẹ́ kí orúkọ oògùn dá ìjà sílẹ̀. Kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Nígbà tí bàbá ń bọ̀ nílé, wọ́n fún wọn ní hóró oògùn propranolol. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Oògùn ọkàn kọ́ nìyí? Ọkàn kọ́ ló ń ṣe mí." Lóòótọ́, oògùn ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ní 1981, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ó máa ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rọ́ lọ sọ́nà ẹ̀dọ̀ kù, tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tètè tún tú. Abẹ́rẹ́ ọsibítù wà fún ọjọ́ tí ọ̀nà dàrú. Hóró ojoojúmọ́ yìí wà kí ọ̀nà má baà tún dàrú. Ní 2022 wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí carvedilol fún wọn. Wọ́n sì ń lo tenofovir tó ń di àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ náà mú. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n padà lọ fi rọ́bà so àwọn iṣan tó kù, títí ó fi tán.

Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni hóró yẹn. Bí ara bá ti yá, ènìyàn á fẹ́ jù ú nù. Ìgbà kan wà tí bàbá ń múra àtilọ sí Ìjẹ̀bú fún ìsìnkú, tí wọ́n ní àwọn á fi oògùn sílẹ̀ kí àpótí lè fúyẹ́. Màmá wa tú àpótí náà, wọ́n yọ bàtà kan kúrò, wọ́n sì kó oògùn oṣù méjì sí i. Bàtà á wà ní Ìjẹ̀bú, carvedilol bàbá wa lè má sí níbẹ̀. Dókítà tún kìlọ̀ pé kí wọ́n jìnnà sí ibuprofen àti irú rẹ̀ tí a ń rà lórí káńtà fún ara ríro, àti àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé a ń bú àgbo baba wa o. Ẹ̀dọ̀ tó ti kún fún àpá ni kò lágbára àtiyẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá kan àwa ọmọ. Dókítà ní kí gbogbo ilé wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Màmá wa ò ní in. Nínú àwa mẹ́rin, ẹnì kan ní in. A ò ní sọ ẹni tó jẹ́, nítorí gbogbo wa la jọ kọ ìwé yìí. Ilé ni wọ́n bí ẹni náà sí, kó tó di 2004 tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń lọ yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, ara rẹ̀ sì le. Ká ní kì í ṣe ẹnu tí màmá là lóru ọjọ́ yẹn ni, ẹni náà ì bá ṣì wà láìmọ̀ títí dòní. Àwa mẹ́ta tó kù gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá pé ẹnikẹ́ni ò ní bá àwọn jẹun mọ́, kò ní ìdí kankan. Àrùn yìí kì í gba inú abọ́ oúnjẹ ràn, kì í gba dídìmọ́ra ràn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìbímọ ló ń gbà. Inú abọ́ kan náà la ṣì ti ń jẹ iyán pẹ̀lú bàbá wa. Kí ẹ má jọ lo abẹ ìfárí, búrọ́ṣì ìfọyín tàbí ohun èlò tí wọ́n fi ń gé èékánná, ìyẹn tó.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Britain láti oṣù Kẹjọ 2017 ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yìí pẹ̀lú àwọn abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ tó kù. Àwọn àgbà ọmọ wa tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn lè má tíì gbà á rí. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ dókítà yín. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 2022, bí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fún àyẹ̀wò ní ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n máa ń yẹ àrùn yìí wò mọ́ ọn àfi bí ẹni náà bá kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bì tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ẹ pe 999, tàbí 911 bí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá wà nílé fún ìsinmi, ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ọ̀fun ni kí ẹ gbà lọ, irú UCH ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀: àìsàn ẹ̀dọ̀, ọtí bó bá wà níbẹ̀, oògùn tó ń lò, àìsàn ọkàn. Lẹ́tà tó wà nínú àpótí, ẹ mú un jáde lónìí kó tó di òru.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, a bẹ̀ yín, ẹ kọ́ orúkọ ẹ̀yà ara ní èdè méjèèjì. Ọjọ́ tí ìyá yín bá ní "ẹ̀dọ̀ ni", ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá, tó fi mọ́tò gbé màmá wa lọ sí ọsibítù, tó sì jókòó tì wá. Bàbá ní kí a kí yín, pé málítì wọn ṣì ń dúró de ìnáwó tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ìjì òru. Bó bá sì dé, kó jẹ́ kí ẹnu wa tètè là. Àṣẹ o.